Ẹsẹ̀ Òsì Kò Gbọdọ̀ Wọlé

"Ẹ̀yin lè wọlé, sà," ni Oníbodè wí. "Ẹsẹ̀ òsì yín ni kò gbọdọ̀ wọlé."

Tíṣà Fádáyọ̀mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo Oníbodè. Oníbodè kì í ṣe ènìyàn. Òpó irin kan ni, kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ní ojú gíláàsì kan ṣoṣo, irú rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìjọba, láti ilé ìwé dé ilé ìwòsàn. Ọdún méje ni Tíṣà ti ń gba iwájú eléyìí kọjá láràárọ̀ lọ sí kíláàsì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọ̀rọ̀ tó ń pa wọ́n pọ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ lọ.

"Báwo ni mo ṣe máa wọlé tí ẹsẹ̀ mi á dúró síta?"

"Ẹ lè yọ ọ́, sà, kí ẹ gbé e ti ògiri. Ẹnikẹ́ni ò ní jí i."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wòran. Tíṣà tẹ agogo ọwọ́ rẹ̀, ó pe ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ náà fún un.

Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìpè náà ti bá Tinúadé Ọ̀ṣúnrìndé, níbi tó ti ń yọ́ rọ́bà lórí iná. Ó jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, opó ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Gbogbo ìlú Òkè-Ìpolé ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló ń ṣe, ìjọba sì ni oníbàárà rẹ̀. Ìjọba á rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fún àwọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ìtọ̀ súgà ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Tíṣà ní ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí òun wọlé, ó rò pé ẹsẹ̀ ló kán. Ó pa iná, ó jáde.

Ó bá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ gbé jáde fún un. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tẹ orúnkún ẹsẹ̀ náà, ó mì í, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò rí ohun tó ṣe é.

"Màmá, kò bàjẹ́," ni Tíṣà wí. "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Tíṣà fi àgbọ̀n júwe òpó irin náà. Tinúadé súnmọ́ ọn. Ojú gíláàsì náà yí sí i.

"Ẹ dúró níbẹ̀, mà. Ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ wọlé. Orúkọ yín wọ inú Ìwé Ìdènà ní ọ̀sán àná. Ohunkóhun tó bá ní àmì yín lára kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ìjọba."

Tinúadé mọ àmì náà. Hóró kékeré kan ni, kò ju ẹyin kòkòrò lọ. Ìjọba ló ń fún olúkúlùkù agbaṣẹ́ṣe ní tirẹ̀, kí ó máa fi sínú gbogbo ohun tó bá ṣe fún wọn. Ó sì mọ Ìwé Ìdènà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni pátákó tó ń sọ̀rọ̀ níta gbangba máa ń ka àwọn orúkọ tuntun inú rẹ̀: ẹni tó fi iyanrìn lásán ṣe afárá, ẹni tó kó ẹfun fún ilé ìwòsàn, tó pè é ní oògùn. Òun náà a máa dá iṣẹ́ dúró láti gbọ́ ọ. A máa ní wọ́n mà ṣe dáadáa.

"Kí ni mo ṣe?" ni ó bi Oníbodè.

"Wọn kò sọ ìyẹn fún mi, mà. Ẹnu ọ̀nà ni èmi ń ṣọ́."

Agogo ọwọ́ tirẹ̀ náà dún. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Adérójú ni. Tinúadé ló ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún fún Sinmisọ́lá, ìyàwó rẹ̀, lọ́dún tó kọjá.

"Màmá, a wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Sinmisọ́lá ti ń rọbí. Wọ́n ní kí ó bọ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ síta. Ṣé kí ó bọ́ ọ?"

"Ṣé kò sí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n lè fi gbé e?"

"Wọ́n ní inú lọ́hùn-ún ni kẹ̀kẹ́ wà."

Tinúadé wo Tíṣà, bí ẹni pé ó ń retí kí ó gba òun nímọ̀ràn. Tíṣà wo ilẹ̀.

"Kí ó bọ́ ọ," ni Tinúadé wí níkẹyìn. "Pọ̀n ọ́n wọlé. Mo ń bọ̀ wá tún un ṣe." Ó pa ìpè náà, ó sì ń ronú ohun tí òun fẹ́ tún ṣe, nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́wàá ló wọ̀ lọ sí olú ìlú, níbi tí Ilé Ìdènà wà. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ẹni mọ́kàndínlógún ti pè é. Ọ̀kan kò lè wọ ilé ẹjọ́, ọ̀kan kò lè wọ ibi tó ti ń gba oògùn ikọ́, ìyá àgbàlagbà kan jókòó síwájú ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, ó ń bèèrè bóyá kí òun fi ẹsẹ̀ kan fò wọlé. Gbogbo wọn ló ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni ẹsẹ̀ tó ti kó fún ìjọba. Kò rò ó rí pé gbogbo wọn lè pe òun ní ọjọ́ kan náà.

Ilé Ìdènà jẹ́ ilé alájà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ilé ìjọba ni òun náà, nítorí náà ẹni ìdènà kò lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àhéré onípákó kan ti ògiri rẹ̀ lóde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà wọ́n lálejò. Bàbá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan, àga méjì, àti fèrèsé kékeré kan tí wọ́n ń gbà na ìwé sí i láti inú ilé ńlá náà.

"Ṣójìnmí ni orúkọ mi," ni bàbá náà wí. "Èmi ni Alàyé yín. Òfin ní kí ẹ̀rọ máa dájọ́, kí ènìyàn sì máa ṣàlàyé."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ ṣàlàyé fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lóye rẹ̀ ná, ìyá."

Ó ka ìwé náà títí. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kà á. Tinúadé ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú dókítà.

"Ó dára," ni Bàbá Ṣójìnmí wí. "Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kó ẹsẹ̀ mọ́kànlá fún ilé ìwòsàn kan ní ìlú Òkè-Ọ̀wẹ́nà. Àdéhùn ní irin bóòtù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi de orúnkún wọn. Bóòtù lásán ló wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan já. Obìnrin kan ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kán."

"Kì í ṣe èmi," ni Tinúadé wí. Ojú kò tì í láti sọ ọ́. "Bàbá, ọdún kejìdínlógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí rèé. N kò fi bóòtù lásán sí orúnkún rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bàbá Ṣójìnmí ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, ó sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Bóòtù kan ni. Ó ti dípẹtà, ó sì ti já sí méjì láàárín.

Tinúadé mú un. Ó fi àtàǹpàkò ra orí rẹ̀. Wọ́n ti fi fáìlì irin rẹ́ igun rẹ̀ kan kí ó má baà máa gé awọ. Gbádébọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nìkan ló ń rẹ́ bóòtù bẹ́ẹ̀. Tinúadé gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ọdún omíyalé," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún náà, omi gbé afárá méjì lọ, bóòtù tí wọ́n rà há sí òdìkejì odò. Ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí ilé ìwòsàn Òkè-Ọ̀wẹ́nà pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní àgbẹ̀ mọ́kànlá ló jókòó sílé, ìgbà oko ti dé, kí ó ṣáà fi èyí tó bá wà ránṣẹ́. Òun àti Gbádébọ̀ sì lo èyí tó wà.

"Mo kọ lẹ́tà sí i," ni Tinúadé wí. "Mo ní kí wọ́n kó ẹsẹ̀ náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n pààrọ̀ bóòtù."

Bàbá Ṣójìnmí tún ṣí ìwé náà. Ó kan fèrèsé kékeré náà, ó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó padà wá jókòó.

"Kò sí lẹ́tà kankan nínú ìwé yín. Ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí náà sì ti kú lọ́dún tó kọjá."

"Mo kọ ọ́."

"Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀?"

Tinúadé ń rí ara rẹ̀ tó ń kọ lẹ́tà náà, ó rí pẹ́ẹ̀nì, ó rí tábìlì. Ṣùgbọ́n tábìlì tó ń rí yẹn, ọdún tó kọjá ló rà á. Ó gbìyànjú láti fi tábìlì àtijọ́ rọ́pò rẹ̀ nínú orí rẹ̀, lẹ́tà náà sì pòórá. Kò mọ̀ mọ́ bóyá òun kọ ọ́ ni, tàbí òun kàn pinnu láti kọ ọ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà, ìyá," ni Bàbá Ṣójìnmí wí. Ó kà á bí ó ṣe wà nínú ìwé: "Ṣé ẹ mọ̀, tàbí ẹ kò mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ ó dáhùn kí ó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la, níwájú ẹ̀rọ Ẹnu Ìbéèrè èyíkéyìí."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe bóòtù àdéhùn. N kò mọ̀ pé ó máa já lára ènìyàn. Èwo ni ká pe ìyẹn?"

Bàbá Ṣójìnmí họ orí. "Mo ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n lọ ka òfin. Mo kà á tán, kò sí níbẹ̀."

"Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

"Ẹ̀bi ti dé orí ènìyàn nìyẹn, ó ti kúrò lórí ọjà. Ọdún márùn-ún ni ìjọba kò fi ní ra nǹkan lọ́wọ́ yín. Wọ́n á gba ẹsẹ̀ mọ́kànlá yẹn padà. Èyí tó kù á máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Á di ẹjọ́. Oṣù mẹ́jọ, bóyá mẹ́sàn-án. Ẹ lè jàre, orúkọ yín á sì mọ́. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà yẹn, a ò tíì mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ó lè wà nínú èyíkéyìí nínú ohun tí ẹ ti ṣe. Gbogbo rẹ̀ á dúró síta."

"Gbogbo rẹ̀ wà lára ènìyàn, bàbá."

"Mo mọ̀." Bàbá náà wo fèrèsé kékeré náà kí ó tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí òfin náà púpọ̀. Mo bá ayé àtijọ́. Agbaṣẹ́ṣe á kọ́ ilé ìwòsàn, á wó pa ènìyàn. Wọ́n á ní kí ó má gba iṣẹ́ mọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ gba òmíràn. Wọ́n ń pa orúkọ dà bí ọ̀gà ṣe ń pàwọ̀ dà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi fi orúkọ sílẹ̀, tó lọ dì mọ́ ọjà. Ọjà kò lè pa orúkọ dà."

Tinúadé gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó rántí pé òun kò tíì béèrè ohun tí bàbá náà rò pé kí òun ṣe. Nígbà tó yíjú padà, ẹni ìdènà mìíràn ti jókòó sórí àga, bàbá sì ti ń ka ìwé tirẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló padà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó bá Adérójú níbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sórí itan bí ọmọ ọwọ́. Sinmisọ́lá ti bí obìnrin. Òun àti ọmọ wà dáadáa, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ méjì péré ni wọ́n ní ní wọ́ọ̀dù náà, ó sì ń fẹsẹ̀ kan fò lọ sí ilé ìwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Màmá, ìgbà wo ló máa tán?" ni Adérójú bi í.

"Wọ́n fún mi ní ìbéèrè kan láti dáhùn."

"Ṣé ó le ni?"

"N kò mọ̀."

Nígbà tí Adérójú lọ tán, Gbádébọ̀ jáde láti ẹ̀yìn. Ọdún márùndínlógún ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sì fi ìgbà kan pe Tinúadé ní orúkọ mìíràn ju ọ̀gá lọ. Tinúadé ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá," ni Gbádébọ̀ wí. "A kọ lẹ́tà. Mo máa búra síwájú ẹnikẹ́ni."

"O rántí rẹ̀?"

"Ẹ ní ẹ kọ ọ́, àbí?"

"Èmi bi ọ́ bóyá ìwọ rántí."

Gbádébọ̀ mú fáìlì irin rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. "Mo rántí pé òjò ń rọ̀," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà Gbádébọ̀ ní ọdún márùn-ún pọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń ra ẹsẹ̀ àfi ìjọba, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa ni. Tinúadé ní òun mọ̀. Gbádébọ̀ tún ní oṣù mẹ́jọ náà pọ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ kan fò. Tinúadé ní òun mọ ìyẹn náà. Èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa dà á láàmú jù ni pé ọ̀nà méjèèjì dà bí irọ́ lójú rẹ̀. Tó bá ní òun mọ̀, ó ti fi ara rẹ̀ pe ẹni tó kó ẹfun fún aláìsàn. Tó bá ní òun kò mọ̀, bóòtù tí Gbádébọ̀ rẹ́ wà nínú ọ̀rá yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ sí Ẹnu Ìbéèrè. Ó wọ ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, ó ní kí ó gbé òun lọ sí Òkè-Ọ̀wẹ́nà. Orúkọ obìnrin tó ṣubú wà nínú ìwé tí Bàbá Ṣójìnmí fún un. Ó fẹ́ bi í bóyá ó gbọ́ nípa lẹ́tà kankan.

Ìyá Kóredé ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, àgbẹ̀ kòkó ni. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa èso kòkó tó ti bàjẹ́ kúrò lórí ẹní. Ọ̀pá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tinúadé kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́.

Ìyá Kóredé wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Jókòó," ni ó wí. "Orúnkún ń dun ìwọ náà, mo rí bí o ṣe kúnlẹ̀."

Tinúadé jókòó. Kò mọ bí ó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó béèrè bí ọwọ́ ṣe rí.

"Ó ń jinná. Yóò wọ́ díẹ̀, ni wọ́n wí."

"Mo wá bi yín ní nǹkan kan, mà. Nígbà tí wọ́n fún yín ní ẹsẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ka lẹ́tà kankan fún yín?"

"Wọ́n kà á," ni Ìyá Kóredé wí lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un, òun ló kà á fún wa lábẹ́ ìbòòji. Ó ní ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ ní ká kó o padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pé àwọn irin kan wà tó fẹ́ pààrọ̀. Gbogbo wa la gbọ́."

Ara Tinúadé fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ lẹ́tà. Kò ya wèrè, kò purọ́. Ẹlẹ́rìí wà, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ṣa kòkó. Ó ti ń ro bí òun ṣe máa mú un lọ bá Bàbá Ṣójìnmí.

"Kí ló dé tí ẹ kò wá, mà?" ni ó béèrè. Kò fi ìbínú béèrè rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta yẹn bọ́ sí ìgbà ìkórè. Ẹsẹ̀ náà sì ń rìn dáadáa. Mo ní tí a bá kórè tán. Nígbà tí a kórè tán, mo ti gbàgbé." Ó ju èso kan nù. "Àwọn tó kù náà, bí wọ́n ṣe ṣe nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí kò dùnni, ta ló ń rántí rẹ̀?" Ó gbé ojú sókè. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò wá?"

"Èmi?"

"O mọ ibi tí a wà. O mọ irú irin tó wà níbẹ̀, àwa kò mọ̀. Oṣù mẹ́ta pé, kò sẹ́ni tó yọjú sí ọ. Ṣé o bèèrè wa?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bá ènìyàn jà. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Tinúadé wá inú ara rẹ̀ fún ìdáhùn. Ọkọ rẹ̀ kú ní ìparí ọdún yẹn, ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti pé kí ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé bóòtù tó dára dé láti òdìkejì odò, ó sì lò ó fún iṣẹ́ tuntun.

"N kò bèèrè yín," ni ó wí.

Ìyá Kóredé mi orí, ó padà sídìí kòkó rẹ̀.

Tinúadé wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù. Ó bèèrè ibi tí Ẹnu Ìbéèrè wà, Ìyá Kóredé sì júwe ìkóríta fún un, kò béèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Àpótí aláwọ̀ òféfèé kan ni Ẹnu Ìbéèrè, ó ní ìbòòji àti àga kan. Tinúadé jókòó, ó gbé àtàǹpàkò lé e.

"Ẹ káàsán, mà," ni àpótí náà wí, pẹ̀lú ohùn tó jọ ti Oníbodè. "Ṣé ẹ mọ̀, tàbí ẹ kò mọ̀?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ bèèrè nǹkan kan. Kí ni ẹ ń bi mí pé mo mọ̀?"

"Ṣé ẹ mọ̀, tàbí ẹ kò mọ̀, mà?"

"Tí mo bá sọ pé mo mọ ìdajì ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá."

Ó jókòó síbẹ̀. Àgbẹ̀ kan kọjá pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká, ó kí i, ó dá a lóhùn. Lẹ́tà náà wà, ó sì lè mú un jàre. Ìjọba á padà ra ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Gbádébọ̀ kò ní pàdánù iṣẹ́. Ó ro Sinmisọ́lá tó ń fò lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ro oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Ìyá Kóredé ló ń padà sí i létí jù, ẹ̀rọ yìí kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà bi í léèrè rẹ̀. Kò dá a lójú pé ohun tó fẹ́ sọ ni òtítọ́. Ó dá a lójú díẹ̀ pé èkejì kì í ṣe òtítọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí.

"A ti gbọ́. Ìdènà ọdún márùn-ún, láti òní. Ẹsẹ̀ igba ó lé mẹ́ta ti gba ìyọ̀ǹda. Mọ́kànlá yóò padà sọ́dọ̀ ìjọba lọ́la, wọ́n á sì wá òmíràn fún àwọn tó ni ín nígbà tí a bá rí agbaṣẹ́ṣe tuntun. A dúpẹ́ fún òtítọ́ yín, mà."

"Ìgbà wo lẹ máa rí agbaṣẹ́ṣe tuntun?"

Àpótí náà ti pa ara rẹ̀. Agogo ọwọ́ Tinúadé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orúkọ ń tẹ̀lé orúkọ lójú rẹ̀. Kò gbé èyíkéyìí. Ó padà sí ilé Ìyá Kóredé.

Obìnrin náà ṣì wà níbi tó fi í sí. Tinúadé ro ohun tí àpótí náà wí fún un, ó sì ní kí ó jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ tó já. Ìyá Kóredé ní kí ó wò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Tinúadé gbé e jáde, ó jókòó sílẹ̀ gan-an, ó tú orúnkún rẹ̀, ó wo bí ihò bóòtù náà ṣe fẹ̀ tó. Ihò náà kò bàjẹ́. Bóòtù tuntun mọ́kànlá kò wúwo, Gbádébọ̀ lè fi ọkọ̀ rán wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Wọ́n ní ìjọba ń bọ̀ wá kó wọn lọ́la," ni Ìyá Kóredé wí. "Ṣé wọ́n gbà ọ́ láyè láti fọwọ́ kàn án?"

Tinúadé ronú sí i. Ó gbìyànjú láti rántí ohun tí Bàbá Ṣójìnmí sọ, kò sì rántí pé ó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"N kò mọ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ibí yìí kì í ṣe ilé ìjọba. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kó wọn lọ́la, bóòtù tó yẹ á ti wà nínú wọn." Ó gbọn eruku kúrò lára orúnkún náà. "Àwọn mẹ́wàá tó kù, èwo ni ilé rẹ̀ súnmọ́ wa jù?"

Ìyá Kóredé na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì ń fẹsẹ̀ kan fò ṣáájú.